Bí Ọmọ Òkun Tó Mọ Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Ṣe Lè Dé Ilé Aṣòfin Kogí, Kó sì Wúlò Níbẹ̀

Ìjókòó 25 ló wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Kogí ní Lọ́kọ́ja. Márùn-ún nínú wọn jẹ́ ti Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí: Kàbà-Búnú, Ìjùmú, Mọ̀pà-Múrò, Ìlà Oòrùn Yàgbà àti Ìwọ̀ Oòrùn Yàgbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti ń kọ sọ́fúwià fún ọdún pípẹ́ ní Èkó tàbí Àbújá sábà máa ń rò pé ìmọ̀ yẹn ni yóò gbé òun wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ló kọ́kọ́ ń lé èèyàn jáde nínú eré yìí, lẹ́yìn náà ni iye tí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù ní ibùdó ìdìbò. Níbi méjèèjì yìí gan-an ni ẹni tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ti lè ta àwọn yòókù yọ.

Abala 106 òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní kí olùdíje jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ti pé ọdún 25 (ọdún 30 ni tẹ́lẹ̀, 2018 ni wọ́n dín in kù), kó kàwé dé ìwé mẹ́wàá ó kéré tán, kí ẹgbẹ́ òṣèlú kan sì fà á kalẹ̀. Má gbẹ́kẹ̀ lé sátífíkéètì kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ gbogbo ìwé rẹ sórí tábìlì: WAEC, dìgírì, ìwé àgùnbánirọ̀, káàdì ìdìbò, NIN. Fi orúkọ orí wọn wéra, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń jẹ́ orúkọ ìjọ lórí WAEC, tó wá ń jẹ́ orúkọ ilé lórí dìgírì. Búra ní kóòtù, kí o sì gbé àtúnṣe náà jáde nínú ìwé ìròyìn kí àkókò fọ́ọ̀mù tó dé. Ìdí ni pé INEC (àjọ elétò ìdìbò) yóò lẹ fọ́ọ̀mù EC9, ìwé àlàyé nípa ara rẹ tí o fi ìbúra kún, mọ́ ògiri ní ẹkùn ìdìbò rẹ, ẹni tí ẹ jọ du tíkẹ́ẹ̀tì sì ní ọjọ́ 14 láti gbé e lọ sí kóòtù. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba lò ń ṣe, o gbọ́dọ̀ ti fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ 30 ṣáájú ìdìbò, ó kéré tán. Rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà ìwé ìfipòsílẹ̀ rẹ, kí wọ́n sì kọ déètì sí i.

Forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí o ti wá, kì í ṣe ní Àbújá. Kí o tó tẹ pósítà kankan, lọ kí àwọn ọba àti baálẹ̀, kí o sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá lọ́jà. Ẹni tí kì í wálé àfi lọ́dún ìdìbò, bó bá kí wọn ní “Òkun o”, ìkíni ìbílẹ̀ wa, kò lè dùn létí wọn.

Iṣẹ́ gidi wà ní ibùdó ìdìbò. Ṣí Excel, kí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibùdó kan: orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà INEC rẹ̀, iye tó forúkọ sílẹ̀, iye tó ti gba káàdì, èsì tó kọjá, ẹ́jẹ̀ǹtì (aṣojú ẹgbẹ́) méjì pẹ̀lú fóònù wọn, àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nọ́ńbà INEC ní ìpín mẹ́rin: ìpínlẹ̀ (22 ni ti Kogí), ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù, ibùdó. Bí o bá ya ìpín kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, sọ àwọn òpó (column) wọn di text kí o tó tẹ nǹkan kan sí wọn, torí Excel máa ń ju òdo iwájú nù. 03 á di 3, àkójọ rẹ kò sì ní bá ti INEC mu mọ́.

Má kọ áàpù tó ń béèrè dátà ní gbogbo ìgbà. SMS máa ń kọjá níbi tí dátà ti kọ̀. Kí gbogbo ẹ́jẹ̀ǹtì máa to èsì wọn bákan náà: nọ́ńbà ibùdó, iye ẹni tí BVAS (ẹ̀rọ tí INEC fi ń yẹ olùdìbò wò) yẹ̀ wò, ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìbò tó bàjẹ́. Àwòrán EC8A, fọ́ọ̀mù èsì ibùdó, lè tẹ̀lé e tí wọ́n bá dé ibi tí dátà wà. Kọ́ wọn ní ìṣirò kan ṣoṣo yìí dáadáa: ìbò tó dára pẹ̀lú èyí tó bàjẹ́ kò gbọdọ̀ ju iye tí BVAS yẹ̀ wò lọ. Bó bá fi ẹyọ ìbò kan lé, Òfin Ìdìbò ní kí wọ́n fagi lé èsì ibùdó náà. Ẹ́jẹ̀ǹtì tó dákẹ́ nítorí pé ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló ń borí lè fi gbogbo ibùdó yẹn ṣòfò. Kó má sì kúrò níbẹ̀ láìgba ẹ̀dà EC8A tí òṣìṣẹ́ INEC buwọ́ lù. Ọjọ́ 21 péré ni o ní lẹ́yìn ìkéde láti gbé ẹ̀hónú lọ sí ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́, bébà yẹn sì ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ.

Tí o bá wọlé, ka orí. Bí gómìnà bá kọ̀ láti fọwọ́ sí àbá òfin láàárín ọjọ́ 30, aṣòfin 17 nínú 25 ló lè sọ ọ́ di òfin láìsí i. Àwọn aṣòfin Òkun márùn-ún yẹn kò tó. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ígálà àti Ẹ̀bìrà ni wàá ti rí ìyókù, nítorí náà tètè mọ̀ wọ́n. Áàpù tí aṣòfin fi owó ara rẹ̀ kọ máa ń kú bí sáà rẹ̀ bá ti parí, torí kò sí lábẹ́ òfin, kò sì sí nínú ìṣúná. Ní 2020, àwọn gómìnà fẹnu kò sí náírà 145 lórí mítà kan fún ẹni tó fẹ́ ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Sọ irú iye bẹ́ẹ̀ di òfin ìpínlẹ̀, kí lẹ́tà kan láti ọ́fíìsì má baà yí i padà.

Ní ti yàrá kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn máa ń ṣèlérí, iná ló ń pa á. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì 20 lè jẹ tó 3,000 wáàtì. Láptọ́ọ̀pù 20 kò ju nǹkan bí 1,000 lọ. Fún wákàtí márùn-ún lóòjọ́, páànẹ́lì sólà 400 wáàtì márùn-ún, bátìrì lítíọ́ọ̀mù 5 kWh àti ínfátà 3 kW ni kí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Má so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà mọ́ ọn, torí ó máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá ń gbóná. Lásìkò ọyẹ́, kí wọ́n máa fi omi nu eruku orí páànẹ́lì ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, má fi sọ́wọ́ alága ẹgbẹ́, kí o sì kọ owó àtúnṣe ọdọọdún sínú ìṣúná kí wọ́n tó ra páànẹ́lì àkọ́kọ́.