Ehoro kan ṣoṣo nílé: bí ẹ ṣe lè wá ẹnìkejì fún un n'Ìbàdàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ ehoro kan ṣoṣo ni mo ní, ó ti ń lọ sí ọdún kan. Àárọ̀ kùtù ni mo ti ń jáde nílé ní Agbowó, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó dé. Ó wá ń gé irin àgò rẹ̀ jẹ ṣáá, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́. Ṣé dídá tó ń dá wà ló fà á?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹran tó ń gbé lágbo ni ehoro. Àmọ́ àìjẹun tẹ́ ẹ sọ yẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Eyín ehoro kì í yéé gùn. Rírún koríko ló ń jẹ́ kó mọ níwọ̀n. Tó bá jẹ́ búrẹ́dì àti oúnjẹ adìẹ lẹ ń fún un, eyín á gùn kọjá bó ṣe yẹ, á máa gún un lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ehoro tí kò jẹun, tí kò sì yàgbẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, kì í ṣe ohun à ń fi falẹ̀. Tí wọ́n bá ní ara rẹ̀ le, a lè wá máa sọ̀rọ̀ ẹnìkejì.

Ìbéèrè: Níbo ni mo ti lè rí èyí tí wọn ò fẹ́ mọ́? Mi ò fẹ́ ra ọmọ tuntun lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn ín tà.

Ìdáhùn: Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Tí sáà ẹ̀kọ́ bá parí ní UI àti Poly, ẹni tó ra ehoro torí pé ó wù ú lójú á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa gbé e fún. Àwọn àgbẹ̀ ehoro náà máa ń ní ìyá tí kò bímọ dáadáa mọ́, tó jẹ́ pé ìkòkò ọbẹ̀ ló kù tó ń lọ. Ọ̀dọ̀ wọn ni èmi á kọ́kọ́ yà, torí ó dájú pé abo ni, abo ló sì bá akọ yín mu. Ọmọ ehoro kékeré, ẹni tó ń tà á gan-an máa ń ṣi akọ mú fún abo. Ní ti ọjà Bódìjà, àánú àwọn èyí tí wọ́n ń tà níbẹ̀ á ṣe yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tẹ́ ẹ bá san ni wọ́n á fi gbé òmíràn wá.

Ibi yòówù kó ti wá, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán: yàrá mìíràn, abọ́ mìíràn, kẹ́ ẹ sì máa fọwọ́. Àrùn RHD tó ń pa ehoro lójijì ti ṣọṣẹ́ ní Kwara lọ́dún 2020, Kwara ò sì jìnnà síbí. Ẹ ṣí etí rẹ̀ wò pẹ̀lú. Tí èépá bá dì sínú ihò etí, tó sì ń gbọnrí ṣáá, kòkòrò ló wà níbẹ̀. Dókítà ní abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé akọ ni kí n wá àbí abo?

Ìdáhùn: Abo, ṣùgbọ́n ẹ tẹ akọ yín lọ́dàá ná. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ọjọ́ 31 péré ni oyún ehoro, abo sì lè gba òmíràn lọ́jọ́ tó bímọ gan-an. Kí ọdún tó yí po, ẹ ti di olóko ehoro. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ẹ ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ 6, torí ó ṣì lè fún abo lóyún. Kẹ́ ẹ tó gbà kí dókítà kankan fọwọ́ kàn án, ẹ bi í bóyá ó ti ṣe ti ehoro rí. Tó bá ní kẹ́ ẹ febi pa á mọ́jú bíi ti ajá, ẹ wá ẹlòmíràn: ehoro kì í bì, ebi yẹn ló sì máa pa á lára.

Ìbéèrè: Mo ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ọ̀sẹ̀ 6 ti pé, mo sì ti rí abo kan. Mo fi í sínú àgò akọ, ni wọ́n bá dìjà, irun kún ilẹ̀, etí abo sì bó. Ṣé kí n dá a padà ni?

Ìdáhùn: Ẹ má dá a padà. Ilé onílé lẹ tì í wọ̀, onílé sì jà fún ilé rẹ̀. Ẹ fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ojú ọgbẹ́ náà, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún dókítà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tú kápúsù ampicillin tàbí amoxicillin sí i lẹ́nu o! Oògùn tá à ń lò láìbìkítà yìí máa ń ba ikùn ehoro jẹ́ débi pé ó lè kú.

Tí ọgbẹ́ bá jinná, ẹ gbé àgò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín kí wọ́n má baà gé ara wọn nímú. Ẹ máa pààrọ̀ koríko tí wọ́n sùn lé, kí òórùn èyí mọ́ ìkejì lára. Tí wọ́n bá ti ń dọ̀bálẹ̀ síbi irin láìfò mọ́ra, ẹ kó wọn lọ síbi tí kò sí èyí tó dé ibẹ̀ rí. Balùwẹ̀ tẹ́ ẹ tẹ́ ẹní sí ti tó. Ẹ fọ́n ewé yúnyun àti ewé òdùǹkún sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ìgbálẹ̀ dání. Kí akọ gun abo kò burú, àfi tó bá kọjú sódì tí ìdí rẹ̀ wà lẹ́nu abo, torí abo lè gé e jẹ. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni etí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ìrù tó nà sókè, àti yíyí ara wọn po. Ìgbálẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi là wọ́n, ẹ má fi ọwọ́ lásán. Ẹ kó wọn kúrò nígbà tí nǹkan ṣì ń lọ dáadáa, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó lákọ̀ọ́kọ́. Tí ọ̀kan bá tẹrí ba, tí ìkejì sì lá a níwájú orí, ó ti ń bọ́ sí i nìyẹn.

Ìbéèrè: Wọn ò jà mọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sùn ti ara wọn.

Ìdáhùn: Oṣù wo lẹ wà? Nínú ooru Fẹ́búárì sí Máàṣì, kò sí ehoro tó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kan òun, torí kì í làágùn. Ẹ fi aṣọ wé ìgò omi dídì sínú àgò fún wọn. Kó jẹ́ méjì o, torí wọ́n á jà sí ẹyọ kan.