Ìràwọ̀ onírù Encke: ẹ wá a, ẹ ò rí i

Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin, ó dín díẹ̀, ni Encke fi ń yí oòrùn po. February 2027 ló tún máa sún mọ́ ọn. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá, ó ti sú mi í dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo gbójú sókè, n kò rí nǹkan kan.
Ojú lásán kì í sábà rí i. Ẹ wá bìnọ́kúlà.

Mo ní bìnọ́kúlà, n kò rí i síbẹ̀.
Ẹ pa iná àgbàlá. Ẹ ki fóònù bọ àpò fún ogún ìṣẹ́jú, kí ojú mọ òkùnkùn lára.

Mo dúró títí, kò já.
Kò ní já. Ìràwọ̀ tó ń já yàtọ̀. Encke á dúró sójú kan bí ìdì òwú, ìrù rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Tó bá di ọjọ́ kejì lẹ ó rí i pé ó ti ṣípò.

Áàpù ojú ọ̀run tó wà lórí fóònù mi ní ibí ló wà, ibẹ̀ sì ṣófo.
Háà! Èyí ló jẹ mí níyà. Ní September 2023, ìdájí márùn-ún ni mo fi dúró lẹ́yìn ilé ní Texas, ìrì ń bo dígí, mo ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. Mo yá bìnọ́kúlà mìíràn, òfo náà ni. Mo ti ń rò pé ojú mi ló ń bàjẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà ni mo tó wo ọjọ́ tó wà lórí ìṣirò ọ̀nà Encke tí áàpù ń lò: 2017! Encke kì í rìn bí aago. Pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà ń fà á, yìnyín ara rẹ̀ tí oòrùn ń sọ di gáàsì náà ń tì í. Johann Encke, onímọ̀ ìràwọ̀ tó ṣírò ọ̀nà rẹ̀ ní 1819, rí i pé ìyípo kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ yá ju ti ìṣáájú lọ. 1950 ni Fred Whipple, onímọ̀ ìràwọ̀ mìíràn, tó ṣàlàyé pé gáàsì yẹn ló ń mú un yá bẹ́ẹ̀. Mo gba ìṣirò tuntun sórí áàpù, àmì Encke sì fò sókè kúrò níbi tí mo ti ń wò. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, òun nìyẹn, roboto, funfun bàìbàì. Mo pe ìyàwó mi jáde nínú òtútù kó wá wò ó.

Bìnọ́kúlà mi ń sọ ìràwọ̀ kan di méjì.
Ó lè jẹ́ pé ó ti já lulẹ̀ rí nìyẹn. Ẹ má tú u, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ṣé mo lè wá a nígbà tí oòrùn ò tíì wọ̀?
Rárá o! Ìṣẹ́jú àáyá kan tó láti ba ojú jẹ́. Ẹni tó bá ti fi bìnọ́kúlà wo oòrùn, kó lọ rí dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an.