Ẹ bá mọ́dẹ́mù sọ̀rọ̀ fúnra yín kí Windows tó dá sí i

Láptọ́ọ̀pù Toshiba tí wọ́n gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, Windows 95 ló wà nínú rẹ̀. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló ni ín. Ojú ibi tí wọ́n ń ki fílọ́pì sí ti kú, kò sí ihò USB lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo lẹ́tà tí wọ́n kọ sí àwọn ọmọ wọn wà nínú rẹ̀. Mọ́dẹ́mù US Robotics Sportster kan, ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí okùn tẹlifóònù, wà nínú báàgì kan náà.

Bàbá ní: "Ìyá Tóbi, ẹ bá mi yọ wọ́n jáde. Ẹ sì jẹ́ kí n tún gbọ́ ariwo yẹn."

Mo mọ̀ pé wáyà kan ṣoṣo láti kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà ì bá ti parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo tí mọ́dẹ́mù ń pa bó bá ń pè ni oníbàárà ń wá.

Ṣájà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Mọ́dẹ́mù tó bá ti Amẹ́ríkà wá, 120V ni wọ́n máa kọ sára ṣájà rẹ̀, iná tiwa níbí sì jẹ́ 230V. Ọmọṣẹ́ mi ki irú ẹ̀ bọ iná nígbà kan, ó dún pòò, ṣọ́ọ̀bù ń rùn títí dalẹ́. Tiransífọ́mà tó ń sọ 230 di 110 ni kí ẹ fi sáàárín. Ẹ tún ka ohun tí wọ́n kọ síwájú OUTPUT. Lára tiwa, 9V AC ni. AC ni mo wí o! Ṣájà ráútà 9V tó kún ọjà, DC ni. Ẹnu rẹ̀ lè wọ ihò náà rẹ́gí. Ẹ má dán an wò.

Wáyà ló kàn, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Eyín irin 9 ló wà lẹ́yìn láptọ́ọ̀pù, ihò 25 ló wà lẹ́yìn mọ́dẹ́mù. Wáyà null modem, èyí tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀, kò wúlò níbí, torí ó ti gbé ẹnu síbi etí. Bí ẹ ò bá mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé mítà, ẹ fi í síbi tó ti ń dún. Lórí wáyà mọ́dẹ́mù gidi, nọ́mbà 2 lójú eyín 9 máa bá nọ́mbà 3 lójú ihò 25, 3 máa bá 2, 5 máa bá 7. Ẹ óò rò pé wọ́n ti lọ́ ọ pọ̀ mọ́ra, àmọ́ òun gan-an ló tọ̀nà: nọ́mbà tí wọ́n fún ojú 9 ni kò bá ti ojú 25 mu. Bí 2 bá bá 2, tí 3 bá 3, null modem lẹ mú dání. Mo ti ju wáyà gidi nù rí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ tan mọ́dẹ́mù, lẹ́yìn náà ẹ tan láptọ́ọ̀pù. Bí Windows bá ní òun rí nǹkan tuntun, ẹ tẹ Cancel. Ẹ ṣí HyperTerminal, ètò inú Windows tí ẹ lè fi kọ ọ̀rọ̀ sí mọ́dẹ́mù tààrà, ẹ mú "Direct to Com 1" (Com 1 ni orúkọ ojú tí wáyà náà wọ̀), ẹ yan 9600, 8, None, 1, Hardware. Ẹ wá tẹ AT, kí ẹ tẹ Enter. Ohun tẹ́ ẹ ń dúró dè ni OK.

Ọdún 1981 tí wọ́n dá FUTA sílẹ̀ níbí náà ni ilé-iṣẹ́ Hayes gbé mọ́dẹ́mù Smartmodem jáde pẹ̀lú àṣẹ AT yìí. "Fetí sílẹ̀" ló túmọ̀ sí. Bí mọ́dẹ́mù ò bá tíì fetí sílẹ̀, ẹ má tíì débi ètò kankan nínú Windows. Ọjọ́ méjì ni mo ti fi ṣòfò rí níbẹ̀.

Bí OK ò bá jáde, ẹ wo àwọn iná iwájú. Bí TR, iná tó ń sọ pé kọ̀ǹpútà ti wà ní sẹpẹ́, ò bá tàn, láptọ́ọ̀pù ni ò sọ̀rọ̀. Bóyá COM2 ló yẹ kẹ́ ẹ mú, bóyá wọ́n ti pa ojú náà nínú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, kí bátìrì lè pẹ́. Ti Bàbá, BIOS ni. Bí TR bá tàn, tí SD, iná ọ̀rọ̀ tó ń ti kọ̀ǹpútà bọ̀, ń ṣẹ́jú bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀, tí ojú kọ̀ǹpútà sì ṣófo, ẹ yí Sportster sẹ́yìn: swíìṣì kéékèèké 8 wà níbẹ̀. 3, 5 àti 8 ni kó wà nílẹ̀, kí àwọn tó kù wà lókè. Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn.

Kí ẹ tó gbé eré sókè, ẹ lọ sí Modems nínú Control Panel, ẹ tẹ Diagnostics àti More Info. Bí ẹ bá rí 16550A, orúkọ ṣíìpù tó ń gba ọ̀rọ̀ lójú wáyà náà, ẹ lè gbé e dé 115200, torí ó ní agbọ̀n tó ń gba báìtì 16. 8250 àti 16450 ò ní agbọ̀n, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gbà á. 19200 ti tó wọn.

Ó wá ku ibi tá a máa pè. Okùn NITEL ti di ìtàn. Mo ra PABX Panasonic KX-TES824, àpótí tó ń so fóònù inú ilé pọ̀ mọ́ra, lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan tó kógbá sílé, mo so Sportster mọ́ nọ́mbà 101 lára rẹ̀, mo so mọ́dẹ́mù míì tó wà lára kọ̀ǹpútà Linux mi mọ́ 102. Nínú minicom, tó dà bíi HyperTerminal lórí Linux, mo tẹ ATS0=1, kó máa gbé ìpè fúnra rẹ̀. Lórí láptọ́ọ̀pù, mo tẹ AT&F1 kó padà sí ètò tó bá wá láti ilé-iṣẹ́, mo wá tẹ ATDT102 kó pe 102. Ó ní NO DIAL TONE, pé òun ò gbọ́ ohùn tó ń dún kéèyàn tó pè. Irọ́ ni, etí mi gbọ́ ọ nínú fóònù! Ohùn PABX ni kò jọ èyí tó mọ̀. ATX3DT102 lẹ máa tẹ̀: X3 ń sọ fún un pé kó má dúró de ohùn kankan.

Ariwo bẹ̀rẹ̀. CONNECT 28800. Bí wọ́n kọ 56K sára mọ́dẹ́mù yín, ẹ má bínú: láti mọ́dẹ́mù ilé sí mọ́dẹ́mù ilé, 33,600 ni òkè, torí 56K ń fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ díjítà.

Ẹ lo Zmodem, ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi fáìlì ránṣẹ́, nínú Transfer. Kéékèèké ni mo fi àwọn lẹ́tà náà ránṣẹ́, torí bátìrì láptọ́ọ̀pù ti kú, iná ìjọba ò sì ní ṣèlérí. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan lóòótọ́, lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo tún fi ránṣẹ́.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tẹ +++ láìtẹ Enter, ẹ tún sinmi, ẹ wá tẹ ATH. Mo fẹ́ kọ́ Bàbá ní ATM0 tó ń pa ariwo náà. Wọ́n ní kí n tún un pè.