Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìtọ́jú Kókó Ẹ̀dọ̀ Tí Kì Í Ṣe Jẹjẹrẹ

Àṣìṣe tí ó burú jù ni kí aláìsàn gbà kí wọ́n gé kókó inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kìkì nítorí pé ihò kéékèèké ni wọn yóò gbà wọlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń fi kámẹ́rà gba ara ikùn wọlé gé apá kan ẹ̀dọ̀, ìrora rẹ̀ sì dín kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀, ewu gígé rẹ̀ kò sì tán nítorí pé ojú ọgbẹ́ kéré. Ìdí nìyí tí àwọn ògbóǹtarìgì tí wọ́n péjọ sí Louisville ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2008 fi kìlọ̀ pé kí ọ̀nà tuntun yìí má sún dókítà dé ibi pé yóò máa gé kókó tí kì bá ti fọwọ́ kàn tẹ́lẹ̀.

Hemangioma, ìyẹn kókó tí iṣan ẹ̀jẹ̀ para pọ̀ dì, tí ó sì wọ́pọ̀ jù lọ nínú àwọn kókó wọ̀nyí, kì í sábà nílò ìtọ́jú bí kò bá ni ènìyàn lára, kódà bí ó bá tóbi. Kí a má sì sáré fi abẹ́rẹ́ gún un láti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ó lè ṣẹ̀jẹ̀. MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí a fi ẹ̀rọ òòfà yà, ló yẹ kí ó ṣáájú.

Ti adenoma, ìyẹn kókó tí ó hù láti inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, yàtọ̀, nítorí ó lè bẹ́ sínú ikùn, ó sì lè di jẹjẹrẹ. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ obìnrin tí ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tí ó ní estrogen (họ́mọ̀nù obìnrin) ló ní in, ìlànà tí àwọn dókítà ẹ̀dọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù gbé jáde ní ọdún 2016 ni pé kí ó dá oògùn náà dúró, kí ó dín sísanra kù, kí wọ́n sì tún ya MRI lẹ́yìn oṣù 6, nítorí kókó náà lè súnkì. Bí ó bá ṣì tó sẹ̀ǹtímítà 5, tàbí tí ó ń dàgbà, a ó yọ ọ́. Ti ọkùnrin kò gba ìdúró bẹ́ẹ̀: yíyọ ni, bó ti wù kó kéré tó.

Fífi ooru sun kókó tí a kò tíì mọ irú rẹ̀ náà kò dára rárá, nítorí kò ní ṣẹ́ku odindi kókó tí ilé àyẹ̀wò yóò yẹ̀ wò. Èyí ṣe pàtàkì gidigidi ní Nàìjíríà, níbi tí hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí ó lè fa jẹjẹrẹ, ti wọ́pọ̀: ẹni tí ó bá ní àrùn yìí kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ pé kókó rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ lórí síkáànù ikùn lásán.