Ẹ má bọ́ aṣọ lára ewéko: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbi tí òtútù àti ẹ̀fúùfù ti ń jà

Ní oṣù kọkànlá ọdún tí mo kọ́kọ́ ní ọgbà tèmi ní Aberdeen, ní ilẹ̀ Scotland, mo mú àlùmọ́gàjí, mo sì gé gbogbo òdòdó hydrangea tó ti gbẹ kúrò lórí igi. Ìdọ̀tí ni mo kà á sí. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, àárọ̀ àárọ̀ la máa ń gbá ewé gbígbẹ kúrò ní àgbàlá. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, igi náà rúwé láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tanná rárá lọ́dún náà. Ìrì dídì ti pa àwọn ìrudi tó fara pamọ́ sábẹ́ òdòdó gbígbẹ yẹn. Ìyá àgbà tó ń gbé ní ilé kejì wá fọwọ́ kan ẹ̀ka náà, ó ní aṣọ òtútù rẹ̀ ni mo bọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gun òkè Cairngorms lọ wo bí àwọn ewéko tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ṣe ń ṣe é. Orí Cairn Gorm, tó ga ní mítà 1,245, ni ẹ̀fúùfù ti fẹ́ dé máìlì 173 ní wákàtí kan ní ogúnjọ́ oṣù kẹta ọdún 1986. Igi ńlá kan kò sí lókè níbẹ̀, síbẹ̀ ilẹ̀ kò ṣófo. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ ibi tí àwa tí à ń dáko sẹ́yìnkùlé ní ìlú òtútù ti ń ṣì í.

Àkọ́kọ́ ni pé òtútù nìkan là ń sá fún. Ẹni tó bá ti lo ìgbà ọyẹ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé kì í ṣe òtútù gan-an ló ń mú kí ètè là. Atẹ́gùn gbígbẹ ló ń fa omi ara jáde, ohun kan náà ló sì ń ṣe fún ewé. Nígbà òtútù ní Scotland, ó tún wá burú sí i, nítorí bí ilẹ̀ bá ti dì, gbòǹgbò kò rí omi fà mọ́, bẹ́ẹ̀ oòrùn àti atẹ́gùn kò yé gba omi lára igi tí kì í wọ́wé. Òùngbẹ ló ń pa irú igi bẹ́ẹ̀, àwa á sì máa sọ pé òtútù ló pa á. Ẹ bomi rin ín dáadáa kí ilẹ̀ tó dì, pàápàá èyí tó bá wà nínú ìkòkò.

Ẹlòmíràn á ní bó bá jẹ́ atẹ́gùn ni, òun á mọ ògiri. Ẹ má ṣe é. Atẹ́gùn tó bá kọlu ògiri á fò ó kọjá, á wá já lulẹ̀ ní òdì kejì, á máa yí bìrìbìrì, á sì fa ewé ya. Ọgbà igi wẹ́wẹ́ tí atẹ́gùn lè yọ́ gba àárín rẹ̀ ló ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí ihò ara rẹ̀ bá tó nǹkan bí ìdajì. Bó bá ga ní mítà 2, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á rí ààbò dé nǹkan bíi mítà 20.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù ni ọ̀rọ̀ àyè. Bàbá mi kọ́ mi pé kí n máa ṣí ẹ̀fọ́ tó bá fún pọ̀, kí wọ́n má bàa máa du oúnjẹ àti oòrùn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Òótọ́ ni, níbi tí ara bá ti tu ewéko. Níbi tí nǹkan ti le, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọdún 2002, Ragan Callaway, onímọ̀ nípa ewéko, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì. Orí òkè ní ibi 11 ni wọ́n ti ṣe é, lórí irú ewéko 115, wọ́n sì ń mú àwọn tó yí ewéko kan ká kúrò láti wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i. Nísàlẹ̀ òkè, èyí tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀ sábà máa ń gbèrú. Lókè pátápátá, níbi tí òtútù ti mú gan-an, èyí tó ku òun nìkan ló ń jìyà.

Mo fojú ara mi rí ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹfà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta láti wo ewéko tí wọ́n ń pè ní moss campion. Ó rí bíi tìmùtìmù aláwọ̀ ewé tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀, kò ga ju ìka mélòó kan lọ, òdòdó róbótó róbótó sì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀fúùfù ń gbá aṣọ mi pátápátá. Nígbà tí mo ki ìka bọ àárín rẹ̀, inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì rin. Ewé rẹ̀ fún mọ́ra débi pé orí rẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà kọjá. Àwọn ewé tó ti kú kì í kúrò nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹrà sí, tí wọ́n ń di ilẹ̀. Koríko kan ti yọrí láàárín rẹ̀, ó wà níbẹ̀ bí ọmọ tí ìyá pọ̀n.

Nítorí náà, ẹ má gbin nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan káàkiri ilẹ̀ gbígbòòrò tí atẹ́gùn ń gbá. Ẹ kó wọn jọ, kí èyí tó rọ̀ wà lẹ́yìn èyí tó le. Ẹ má sì ro ilẹ̀ ìdí wọn títí yóò fi dán.

Ìbágbé yìí kì í sì í dúró lójú kan. Ní ọdún 1947, Alex Watt, onímọ̀ nípa ewéko, ṣàpèjúwe heather, igi wẹ́wẹ́ kúkúrú tó ń hù lórí Cairngorms. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀fúùfù ń kọlù á máa kú, ẹ̀gbẹ́ kejì á máa rá síwájú, ewéko mìíràn á sì máa gba ibi tó fi sílẹ̀. Tí ẹ bá rí igbó heather tó kú lápá kan, ẹ má sáré fà á tu. Apá tó kú yẹn ló ń gba ìyà fún apá tó yè.

Ẹ má sì wo gíga láti mọ ọjọ́ orí. Igi ni Salix herbacea, ìbátan igi willow ni, síbẹ̀ kò ga ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ, nítorí inú ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ka rẹ̀ wà. Ìwádìí ní Alaska fi hàn pé moss campion lè lo ju 300 ọdún lọ láyé. Ẹni tó fi bàtà òkè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí fọ́tò lè ti pa ohun tó dàgbà ju bàbá ńlá rẹ̀ lọ. Èyí máa ń dùn mí gan-an. Orí òkúta ni kí ẹ máa tẹ̀.

Ti ewé gbígbẹ, ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ni ẹ̀rí tó dára jù wà. Lórí òkè Kenya àti Kilimanjaro, oòrùn á mú lọ́sàn-án, omi á sì dì lóru, ọ̀pọ̀ òru láàárín ọdún. Igi giant groundsel tó ń hù níbẹ̀ kì í ju ewé rẹ̀ tó kú nù. Ó ń ró o mọ́ ara bí ìyàwó ṣe ń róṣọ, kí omi inú igi má bàa dì, kí ewé òkè lè rí omi mu nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Lobelia, ewéko mìíràn tó ń hù níbẹ̀, a máa pa ewé dé lóru láti bo ìrudi àárín rẹ̀.

Ẹ má fún ewéko ní ajílẹ̀ tó ń mú ewé hù lẹ́yìn oṣù kẹjọ. Bí ọjọ́ bá ti ń kúrú ni ewéko ń múra: ó ń kó ṣúgà jọ sínú ara, omi sì ń jáde nínú sẹ́ẹ̀lì kó lè jẹ́ pé ìta rẹ̀ ni yóò ti dì. Ewé tuntun tí ajílẹ̀ bá fipá mú jáde kò ní àyè fún ìmúra yẹn. Ẹ má gbá sìnóò kúrò lórí ilẹ̀ ọ̀gbìn, nítorí abẹ́ sìnóò tó nípọn kì í tutù tó ìta. Èyí tó bá ń tẹ ẹ̀ka títí ó fi fẹ́ ṣẹ́ nìkan ni kí ẹ gbọ̀n. Ẹ má sì so igi kékeré mọ́ òpó gírígírí láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mímì tí atẹ́gùn ń mì ín ló ń mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tí ara rẹ̀ sì ń ki. Ẹ so ó nísàlẹ̀, níbi ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀, kí orí rẹ̀ lè máa mì.

Hydrangea mi ṣì wà níbi tó wà. Òdòdó gbígbẹ ń wà lórí rẹ̀ láti oṣù kẹwàá, ìrì dídì á bò ó funfun láàárọ̀, ó dé oṣù kẹrin kí n tó mú àlùmọ́gàjí. Mo máa ń wá ìrudi méjì àkọ́kọ́ tó sanra láti òkè, òkè wọn gẹ́lẹ́ ni mo sì ń gé e sí.