Bí a ṣe ń fi òfin ogun kọ́ ògidì Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ mú Abala 3 nínú Àdéhùn Geneva ti 1949, ìyẹn àdéhùn mẹ́rin láàárín àwọn orílẹ̀-èdè láti dáàbò bo àwọn tí ogun kàn; abala náà wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì gùn. Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá fa ìlà sábẹ́ gbogbo "shall". Ẹ wo gbólóhùn yìí: "The wounded and sick shall be collected and cared for." "Shall" níhìn-ín kò sọ nípa ọjọ́ iwájú rárá, ọ̀ranyàn ni. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á fi "should" rọ́pò rẹ̀, àṣẹ á sì di ìmọ̀ràn. Ẹ̀mí ẹni tó fara gbọgbẹ́ ló rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ẹlẹ́wọ̀n ogun, kí ẹ sì fi wọ́n wé Àdéhùn Kẹta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó dá lórí ẹlẹ́wọ̀n ogun.