Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ mu iboga kẹ́ ẹ lè fi tírámà sílẹ̀, ẹ má ṣe báyìí o

Aago kan òru ni fídíò yẹn wọlé sórí WhatsApp mi. Òyìnbó kan jókòó sórí ẹní, ojú ẹ̀ wú, ó ń sunkún, ó ní ọdún mẹ́sàn-án lòun fi lo heroin, òun wá lọ mu èèpo gbòǹgbò kan tí wọ́n ń pè ní iboga ní Mẹ́síkò lálẹ́ ọjọ́ kan, ilẹ̀ mọ́, kò wu òun mọ́. Àbúrò mi ló fi ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Bọ̀dá, mo ti ríbi tí mò ń lọ."

Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí tírámà, ìyẹn tramadol, oògùn apàrora, ti di bárakú fún un. Sọ́míìlì ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní téèyàn bá ti gbé e mì kò ní mọ̀ pé pákó wúwo, ó sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ohun tí wọn ò sọ fún un ni pé tó bá yá, lọ́jọ́ tí kò bá rí i lò, bùláńkẹ́ẹ̀tì tó fi bora gan-an á wúwo lára ẹ̀. Nígbà tí ìyá wa gbọ́ ọ̀rọ̀ Mẹ́síkò, wọ́n ní ká ta ilẹ̀ bàbá wa tó wà lọ́nà Ẹyẹnkọrin. Ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó ka nǹkan yìí dáadáa, mo tún wá dókítà lọ, torí ilẹ̀ téèyàn bá ti tà, ó tán nìyẹn. Fóònù ni mò ń tà ní Unity n'Ílọrin o, mi ò kí ń ṣe dókítà. Àmọ́ àṣìṣe tí mo rí pọ̀, àwa fúnra wa sì ṣe nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sòótọ́, nǹkan yìí kì í ṣe jìbìtì. Iboga, igi kékeré kan ní Gabon ni, àwọn ẹlẹ́sìn Bwiti ti ń jẹ èèpo gbòǹgbò ẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ní 1962, ọmọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Howard Lotsof, tí heroin ti mú, lo ibogaine tí wọ́n ń yọ lára ẹ̀, fàájì ló fẹ́ fi ṣe, nígbà tó máa fi lajú, ara ò bèèrè heroin lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Òfin Amẹ́ríkà ò gbà á láyè, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn wọn fi ń sọdá sí Mẹ́síkò lọ mu ún. Ní Peru, ilé ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní Takiwasi ti wà nílùú Tarapoto láti 1992, ayahuasca, àgbo kan tó ń fi ìran hàn, wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Olú náà tún wà, èyí tó ní psilocybin nínú, ohun tó ń jẹ́ kó fi ìran hàn, Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà fún àwọn tó ń fa sìgá ní psilocybin yẹn, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2014, èèyàn 15 ni, 12 nínú wọn ò fa sìgá mọ́ nígbà tó pé oṣù mẹ́fà.

Ibí gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo 12 nínú 15, wọn kì í sọ pé ètò ọlọ́sẹ̀ 15 ni wọ́n mú wọn gbà kọjá, ìjókòó sọ̀rọ̀ lóríṣiríṣi, oògùn yẹn fúnra ẹ̀ kò ju ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, àwọn tó sì mọṣẹ́ jókòó tì wọ́n títí ojú wọn fi wálẹ̀. Èèyàn 15 náà sì rèé, bọ́ọ̀sì kan tó ń lọ Ọ̀fà ló máa kó gbogbo wọn. Àwọn ti New York University lo tiwọn fún àwọn ọ̀mùtí 93, èsì jáde ní 2022. Ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n lo oògùn. Lẹ́yìn ẹ̀, téèyàn bá ka 100 ọjọ́, àwọn tó gba psilocybin mutí yó nínú bíi 10, àwọn tí wọ́n fún ní oògùn míì mu ún yó nínú bíi 24. Ó dínkù gan-an, àmọ́ ẹ wò ó, 10 yẹn ṣì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe fídíò ọjọ́ mẹ́wàá yẹn. Alẹ́ ọjọ́ kan tí ẹkún jáde ni wọ́n ń fi hàn wá.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù ni ti ọkàn yìí. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, dókítà ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ó ní ọkàn tó bá lù tán, ó ní àkókò díẹ̀ tó máa fi gbára jọ kó tó lù padà, ibogaine máa ń fa àkókò yẹn gùn, tó bá wá gùn jù, ọkàn á máa gbọ̀n dípò kó lù, èèyàn lè kú síbẹ̀. Àwọn èèyàn ti kú nídìí ẹ̀ lóòótọ́, pàápàá àwọn tí ọkàn wọn ò dáa tẹ́lẹ̀ tí wọn ò mọ̀, àtàwọn tí oògùn míì ṣì wà lára wọn. Methadone, oògùn tí wọ́n fi ń rọ́pò heroin, náà ń fa àkókò yẹn gùn, tó bá pàdé ibogaine lára èèyàn, ọ̀ràn dé nìyẹn. Ẹni tó ti ń bì tó tún ń yàgbẹ́ gbuuru torí pé ara ń bèèrè, iyọ̀ ara ẹ̀ á ti lọ sílẹ̀, ìyẹn náà ń dá kún un. Kì í sì í ṣe nǹkan alẹ́ kan bí wọ́n ṣe ń sọ, ara máa ń yí ibogaine padà sí nǹkan míì tó máa ń pẹ́ lára fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ìyẹn náà ń da ọkàn láàmú. Nítorí náà ibi tó bá sọ fún yín pé kò pọn dandan kẹ́ ẹ ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù, ẹ má lọ síbẹ̀, ẹ má tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀.

Ilé ìtọ́jú tí àbúrò mi kọ̀wé sí ní Mẹ́síkò ní kó ṣe ECG wá, ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Kí la máa gbọ́, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní kó lo ti òun, pé òun ṣe é nígbà tóun fẹ́ wọṣẹ́ sójà, kókó lara òun le! Mo lé e jáde nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi fúnra mi ni mo mú àbúrò mi lọ ṣe é. Wọ́n ní kó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo rí egungun ìhà ẹ̀ tó ti yọ síta bíi ti ọmọ Ràmádánì tí kò rí sààrì jẹ, nọ́ọ̀sì fi nǹkan tútù pa á láyà, ó lẹ wáyà mọ́ ọn káàkiri, ó ní kó má sọ̀rọ̀, bébà aláwọ̀ pupa kékeré wá ń jáde díẹ̀díẹ̀ bíi rìsíìtì POS. Dókítà wò ó, ó gbé e súnmọ́ iná, ó tún un wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lọmọ yìí ń lò lọ́wọ́?"

Mo ti ka fọ́ọ̀mù tí ilé ìtọ́jú Mẹ́síkò yẹn ní kí àbúrò mi kọ kó tó fi ránṣẹ́. Wọ́n bi í oògùn tó ń lò, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí. Káàdì tírámà wà nínú sọ́ọ̀kìsì ẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí, mi ò rò pé ti àbúrò mi nìkan ni, ojú ń tì wá láti sọ̀rọ̀ fẹ́ni tó fẹ́ tọ́jú wa, àfi bí ẹni pé ìmáàmù ló ń bi wá. Tírámà ní tiẹ̀ lè fa gìrì láìmu nǹkankan mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ ayahuasca lèèyàn fẹ́ lọ mu, tírámà àti oògùn ìbànújẹ́ ọkàn tí dókítà máa ń kọ fún èèyàn lè bá a jà nínú ara, ara á gbóná fòò, èèyàn á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á kọjá omi gbígbóná. Ẹ má sì torí ẹ̀ dá oògùn dókítà yẹn dúró lójijì nílé o, ẹni tó kọ ọ́ ni yóò sọ bẹ́ ẹ ṣe máa bọ́ lórí ẹ̀.

Èyí tí a máa ń sẹ́ jù ńkọ́? Wèrè. Ibi tó bá mọ ohun tó ń ṣe máa bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ti ní àrùn ọpọlọ rí, torí oògùn wọ̀nyí lè tú u síta lára ẹni tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, nínú ìwádìí wọn gan-an wọn kì í gba irú wọn wọlé. Wàyí o, ẹ mọ̀ wá. Ìdílé wo ní Ìlọrin ló máa fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ó wà ní tiwọn, nígbà tí ìwádìí ìgbéyàwó ń bọ̀ lọ́nà? A ní àbúrò bàbá kan tó ń rìn láti Ìpàtà dé Gẹ̀rí Álímì lójoojúmọ́, tó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyá wa ṣì ń sọ pé ibà ló gùn wọ́n lórí lọ́mọdé. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ìyá wa ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Àwọn tí kò rówó Mẹ́síkò, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni, wọ́n á ní ká ṣe tiwa nílé. Ẹ gbọ́, gégemu kì í ṣe iboga. Mo mọ̀ pé wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé òun náà ń fi ìran hàn bíi ti iboga, pé ewé ilẹ̀ wa ni, pé òyìnbó kàn ń ta tiwọn ni. Ìran tí gégemu ń fi hàn, májèlé ló ń fi hàn án. Ẹnu á gbẹ, ojú ò ní ríran súnmọ́ mọ́, ara á gbóná bí ìgbà téèyàn wà nídìí ààrò. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa mu ún nínú zóbò, ọjọ́ méjì gbáko ló fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa nǹkan tí kò sí nílẹ̀, á ṣa á, á fẹ́ ekuru ẹ̀ dànù, á kó o sápò. Nígbà tí ojú ẹ̀ wálẹ̀, kò rántí ohunkóhun, tírámà nìkan ló rántí. Kólórádò ní tiẹ̀, mi ò tiẹ̀ ní sọ ọ́.

Ẹni tó bá sì ń rò pé kí mọ̀lẹ́bí tó wà lókè òkun fi olú yẹn sínú ṣokoléètì ránṣẹ́, kó tún inú rò. Òfin NDLEA dárúkọ LSD, oògùn míì tó ń fi ìran hàn bíi ti olú yẹn, pa pọ̀ mọ́ kokéènì àti heroin, àtàwọn oògùn míì tó bá jọ wọ́n, ẹ̀wọ̀n gbére wà fún ẹni tó bá kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ̀lú.

Ẹ má fi obìnrin nìkan ránṣẹ́ síbi tẹ́ ò mọ̀. Wọ́n ti fẹ̀sùn ìbálòpọ̀ tipátipá kan àwọn kan tó ń fún èèyàn ní ayahuasca, ẹni tí oògùn wà lójú ẹ̀ ò lè jà. Ẹ má sì rò pé òkèèrè nìkan ni ewu wà, ẹ rántí ilé tí ọlọ́pàá já wọ̀ ní Kàdúná ní 2019, wọ́n pè é ní ilé ìtọ́jú, ṣẹ́ẹ̀nì ló wà lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dé ńkọ́? Àṣìṣe míì tó ń pa èèyàn wà níbẹ̀, ó sì kan ẹni tó lọ Mẹ́síkò, ó kan ẹni tó lọ Àrò, ó kan ẹni tí wọ́n tì mọ́ yàrá. Ara tó ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti gbàgbé oògùn. Tó bá wá padà sí sọ́míìlì yẹn, tí wọ́n ní "káàbọ̀ o, ọ̀gá," tí wọ́n na iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ sí i, iye yẹn gan-an lè dá èémí ẹ̀ dúró. Ẹni bá gba tíkẹ́ẹ̀tì àlọ láìmọ ibi tí yóò máa gbé àti iṣẹ́ tí yóò máa ṣe tó bá dé, ìdajì ìrìn-àjò ló rà.

Èyí tí mo fi ń bínú sí ara mi nìyí, à ń wo Mẹ́síkò, a ò tíì wo ìtòsí wa. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọpọlọ wà ní UITH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin. Ọsibítù ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Budo-Egba. NDLEA ní nọ́ńbà tí kì í gba owó, 080010203040, ẹ lè pè é. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 2018 sọ pé èèyàn 14.3 mílíọ̀nù ló lo oògùn nílẹ̀ yìí láàárín ọdún kan, kí ni a wá ń tijú ara wa fún? Texas gan-an tó ń sọ̀rọ̀ ibogaine tìlù tìfọn, owó ìwádìí ni wọ́n fọwọ́ sí ní 2025, 50 mílíọ̀nù dọ́là, torí àwọn náà ṣì ń wádìí ẹ̀.

A ò ta ilẹ̀ Ẹyẹnkọrin. Dókítà ò sọ pé kó má lọ láéláé, ó ní bébà ECG yẹn ò wu òun, kó kọ́kọ́ bọ́ lórí tírámà díẹ̀díẹ̀ lójú òun, kó wá tún un ṣe, ká wá jókòó sọ̀rọ̀. Ó ti gbọ̀n, ó ti bì, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń ta gììrì lálẹ́ débi pé kò jẹ́ kí n sùn. Kàlẹ́ńdà ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wa obìnrin wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló ń fi báírò pupa sàmì sí, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí kò bá ti lò ju èyí tí dókítà kọ lọ. Mo kà á lánàá, 31. Ọjọ́ méjì wà láàárín tí kò ní àmì, ìyá wa rí i nígbà tí wọ́n ń gbálẹ̀, wọn ò bèèrè, wọ́n lọ ra wàrà sílẹ̀ dè é.